Àwòdì Tí Ẹ̀rù Òkè Ń Bà

Ọdún mọ́kànlá ni ọkùnrin tí à ń pè ní Àwòdì fi gun òpó irin ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ni mo máa ń dúró dè é nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń tari àwòrán jáde lọ sínú ilé àwọn èèyàn ni mò ń tọ́jú, nínú yàrá búlọ́ọ̀kù kan tó wà nídìí òpó náà gan-an. Bí Àwòdì bá fẹ́ gòkè, èmi ni màá dín agbára ẹ̀rọ kù kó má baà jó o lára, èmi náà ni màá di rédíò ọwọ́ mú tí màá máa bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ òun ní Àwòdì, Ará Ilẹ̀ ni wọ́n sọ èmi. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ orúkọ náà.

Òpó yẹn ga tó àádọ́jọ mítà. Bí èèyàn bá dúró nídìí rẹ̀ tó gbójú sókè nígbà tí ìkùukùu ń kọjá lọ, yóò rò pé òpó ló ń wó bọ̀ wá bá òun. Pèpéle mẹ́ta ló wà lára rẹ̀ tí ẹni tó ń gùn ún lè dúró lé sinmi. Kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ti dé pèpéle kìíní rí. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà níbẹ̀, mò ń pe ìyá mi. Àmọ́ Àwòdì á gùn ún bí ẹni tó fẹ́ lọ mú nǹkan ní yàrá. Á dé òkè pátápátá, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń mi òpó bí ẹni ń mi ọmọ sùn, á wá pè mí lórí rédíò: “Ará Ilẹ̀, kí lo ń jẹ nísàlẹ̀ yẹn? Mò ń gbóòórùn rẹ̀.”

Ìyá rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé, kò fẹ́ràn iṣẹ́ yìí rárá. Lójoojúmọ́, tó bá di aago mẹ́rin, á tẹ̀ ẹ́ láago, ìbéèrè kan náà ni á bi í: “Ṣé o ti sọ̀ kalẹ̀?”

Ohun kan ṣoṣo ló máa ń ba Àwòdì lẹ́rù nígbà náà, obìnrin ni. Olóhùn-Iyọ̀ là ń pe obìnrin yìí. Òun kì í hàn lójú tẹlifíṣọ̀n. Ohùn rẹ̀ nìkan ni aráyé mọ̀. Yàrá kékeré kan ni wọ́n fi í sí, òun àti maikirofóònù kan, òun ló máa ń sọ ètò tó kàn fún àwọn òǹwòran. Bí àwòrán bá sì já lójijì, òun ló máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣí kúrò lọ́dọ̀ wa. Tí Àwòdì bá wà lórí òpó, ó máa ń ní kí n fi ohùn yẹn sórí rédíò ọwọ́ òun. Ó ní ó ń jẹ́ kí òun gùn ún dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ó bá pàdé olóhùn náà lójú kòrókòró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ahọ́n rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ó lọ sí yàrá obìnrin náà lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ yẹ fáànù rẹ̀ wò. Fáànù náà ń ṣiṣẹ́ kó tó débẹ̀. Nígbà tó jáde, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó tún gbé aago ògiri rẹ̀ lọ tún ṣe, aago tí kò ní àrùn kankan. Nígbà tó máa gbé e padà, ó ti ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin pẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Olóhùn-Iyọ̀ kéde pé ìròyìn ló kàn, nígbà tí akàròyìn ti ń ka ìròyìn lọ. Ohùn méjì kọlu ara wọn nínú ilé gbogbo èèyàn. Ọ̀gá Àgbà ilé iṣẹ́ wa bú u. Olóhùn-Iyọ̀ kò dárúkọ ẹni tó tún aago ṣe.

Ọ̀sán ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kò sì pọ̀ ju bó ṣe máa ń fẹ́ lọ. Méjì ti kú nínú iná pupa mẹ́rin tó wà lókè òpó, èyí tó máa ń ki ọkọ̀ òfuurufú nílọ̀. Àwòdì ń lọ pààrọ̀ wọn. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, mò ń fi omi gbígbóná jẹ búrẹ́dì. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni nǹkan tó já lu òrùlé páànù mi, gbàgà! Mo rò pé òkúta ni. Mo sáré jáde, mo wòkè.

Ní bíi àádọ́rùn-ún mítà sókè, ẹsẹ̀ èèyàn méjì ń fì nínú afẹ́fẹ́.

Irin ìtẹ̀sẹ̀ kan lára àkàbà ló kán mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ní kété tó tú ìkọ́ bẹ́líìtì kan kí ó lè sún un sókè. Ìkọ́ kan tó kù ló gbé e dúró. Mo pè é lórí rédíò. Èémí nìkan ni mo gbọ́, hẹ̀, hẹ̀, hẹ̀, bí ajá tó ti sáré jìnnà. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo mọ̀ pé búrẹ́dì tó wà lẹ́nu mi, mi ò jẹ ẹ́, mi ò sì tu ú. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan irin mìíràn. Ó gbá òpó náà mọ́ra, kò kúrò lójú kan fún àkókò gígùn, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan.

Bó ṣe tẹ ilẹ̀, ó jókòó sórí òkúta wẹ́wẹ́.

“Má sọ fún ẹnikẹ́ni,” ló ní.

“Ẹ̀gbọ́n, irin yẹn ńkọ́?”

“Èmi fúnra mi ni màá tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Mo mú irin tó já náà lórí òrùlé, mo tì í sábẹ́ bẹ́ǹṣì mi. Bí mo ṣe di alábàápín nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gun òpó dé pèpéle kìíní, ó gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà kejì, ẹsẹ̀ kò lọ. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kì í ṣe pé òun kò fẹ́. Ó ní òun pàṣẹ fún ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ sì ń wo òun bí ọmọ ọlọ́mọ. Díìṣì ńlá kan tó ń gba àwòrán láti ojú ọ̀run wà lára pèpéle yẹn. Ó lọ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, níbi tí àwọn tó wà ní ọgbà kò ti lè rí i, ó pè mí.

“Ará Ilẹ̀, mo ti dé òkè.”

Láti ibi tí mo dúró sí, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ ni mò ń wò.

“Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n,” ni mo dáhùn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ pé ó dé òkè, mo sì fọwọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn iná pupa kẹta kú, ó wá ku ọ̀kan. Nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ ìró ọkọ̀ òfuurufú, màá tẹ orí ba bí ẹni pé inú yàrá mi ló máa gbà kọjá. Àwòdì rù. Àwàdà rẹ̀ tán. Tí ìyá rẹ̀ bá bi í ní aago mẹ́rin bóyá ó ti sọ̀ kalẹ̀, á yíjú sí ògiri kó tó dáhùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Àwòdì “wà lókè”, mo rí Olóhùn-Iyọ̀ tó ń bọ̀ láàárín ọgbà, ó gbé fúláàsì tíì dání. Ó wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ó gbójú sókè.

“Ẹ̀gbọ́n Àwòdì!” ló ké. “Tíì ti ń tutù o! Àbí kí n gbé e wá bá yín? Ibẹ̀ kò kúkú jìnnà.”

Rédíò bọ́ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn díìṣì, orí kan yọ díẹ̀díẹ̀ bí orí ìjàpá.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

“Ẹ ti rí mi,” ló ní.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ti ń rí yín. Fèrèsé mi kọjú síbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ẹ sùn.”

“Mi ò sùn.”

“Ẹ sùn, ẹ̀gbọ́n. Orí yín ń mì lọ mì bọ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

“Ṣé ẹ máa sọ fún Ọ̀gá?” Àwòdì béèrè.

Obìnrin náà ń da tíì sínú ìdérí fúláàsì, tíì ń ta sílẹ̀. “Ọdún márùn-ún ni mo ti wà ní fèrèsé yẹn,” ló ní. “Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti gòkè, mi ò lè jẹun. Mi ò lè tọ̀. Ètò àwọn ọmọdé ni mò ń kéde, àyà mi ń já bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán bí ọmọ èèyàn. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó ti ń kún. Ẹ jókòó sí pèpéle yín jàre. Ta ló ní kí ẹ gòkè?”

Wọ́n máa ń ní àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé èmi ni òwe yẹn ń bá wí, àṣé ẹlòmíì ló ni ín.

Àwòdì gba tíì náà, ó mu ún, ó sì sọ fún obìnrin náà bí irin ṣe kán. Mo mú irin náà jáde lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Inú rẹ̀ ti dógùn-ún tán, ó rí bí bisikíìtì tí omi bọ́ sí. Olóhùn-Iyọ̀ gbé e yẹ̀ wò, ojú rẹ̀ yí padà.

“Bí ẹlòmíì bá gùn ún ńkọ́?”

“Kò sí ẹlòmíì,” ni Àwòdì wí.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni Ọ̀gá Àgbà pe gbogbo wa jọ. Ọ̀gá yìí kì í ṣèèyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ ẹni tí èrò tuntun máa ń gùn bí ibà ni. Ó ní ètò òwúrọ̀ tuntun kan fẹ́ bẹ̀rẹ̀, òun sì ti rí ohun tí a máa fi ṣí i. Wọ́n á de kámẹ́rà kékeré mọ́ akoto Àwòdì, á gun òpó dé òkè téńté lójú gbogbo ayé, ìlú á wá rí ara rẹ̀ láti ojú ẹyẹ. Olóhùn-Iyọ̀ ni yóò máa ṣàlàyé. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo wo Àwòdì. Òógùn ti bo ètè òkè rẹ̀.

“Ọ̀gá,” ló ní, “ẹ̀yìn ń dùn mí láti ọjọ́ mélòó kan.”

“Kò burú,” Ọ̀gá dáhùn, kò tilẹ̀ ronú. “Ará Ilẹ̀ á gùn ún. Bẹ́líìtì wà, okùn wà. Àbí kò ní ẹsẹ̀ ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo mọ ibi tí irin tó kán wà, mo sì mọ̀ pé mi ò lè dé ibẹ̀ láyé. Àárín ọ̀nà ni màá ti kú. Nígbà tí mò ń jẹun nílé, ìyàwó mi bi mí pé kí ló dé tí mo fi di etí tábìlì mú. Mi ò mọ̀ pé mo dì í mú.

Ní ọjọ́ kejì Àwòdì ní kí n bá òun ká lọ. Yàrá Ọ̀gá la wọ̀ lọ tààrà. Ó bọ́ fìlà, ó ní: “Ọ̀gá, mo wá sọ òótọ́ fún yín. Ẹ̀rù òkè ń bà mí.”

Ọ̀gá wò ó. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó pe akọ̀wé rẹ̀ pé kó wá gbọ́: “Àwòdì ń bẹ̀rù òkè! Ẹja ń bẹ̀rù omi!”

“Ọ̀gá, mi ò ṣàwàdà. Irin kan kán lókè níbẹ̀.”

“Irin kan nínú irin ọ̀ọ́dúnrún? Ìwọ tí mo ti rí tó fi ọwọ́ kan dúró lórí òpó, tó ń fi ọwọ́ kejì jẹ ọsàn? O kàn fẹ́ kí n bẹ̀ ọ́ ni. Ó dáa.” Ọ̀gá dìde, ó tẹ̀ ba, ó ń fi ṣẹ̀fẹ̀. “Mo bẹ̀ ọ́.”

Irin yẹn wà nínú báàgì tí mo fi kọ́ èjìká. Àwòdì kò sọ pé kí n mú un wá, èmi ni mo gbé e. Ọwọ́ mi wà lára rẹ̀ bí mo ṣe dúró síbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá mú un jáde, wọ́n á bi mí ibi tí mo ti rí i, wọ́n á ṣí ìwé iṣẹ́, wọ́n á rí ibi tí mo ti ń fọwọ́ sí irọ́ láti oṣù méjì. Mi ò mú un jáde. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti bímọ, ọmọ mi ti bímọ, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì máa ń ká mi lára.

Nígbà tí a jáde, Àwòdì dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fọwọ́ lé mi léjìká. “Má da ara rẹ láàmú. Ìwọ kọ́ lo máa gùn ún.”

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fi ètò náà sí. Ojú ọ̀run mọ́, afẹ́fẹ́ kò fẹ́ rárá. Wọ́n de kámẹ́rà mọ́ akoto rẹ̀, wọ́n ki ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sí i létí kó lè máa gbọ́ Olóhùn-Iyọ̀, wọ́n fi maikirofóònù kékeré sí i lọ́rùn. Ìyá rẹ̀ wà nílé níwájú tẹlifíṣọ̀n, òun àti àwọn aládùúgbò. Èmi wà nínú yàrá mi, ojú mi wà lára tẹlifíṣọ̀n kékeré tí mo fi ń ṣọ́ iṣẹ́ mi, rédíò wà lọ́wọ́ mi.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ohun tí ìlú ń rí ni ìbọ̀wọ́ rẹ̀ méjèèjì: ìbọ̀wọ́, irin, ìbọ̀wọ́, irin. Olóhùn-Iyọ̀ ń sọ bí òpó ṣe ga tó, ọdún tí wọ́n rì í, iye àkàbà tó wà lára rẹ̀. Ohùn rẹ̀ dán bí ó ṣe máa ń dán. Àwòdì dé pèpéle kìíní. Ó na ọwọ́ mú àkàbà kejì.

Àwòrán kò kúrò lójú kan mọ́. Ọwọ́ kan tó di irin mú ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kékeré ló kọ́kọ́ jẹ́. Kò pẹ́ tó fi ń mi kámẹ́rà. Nínú gbogbo ilé, nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, nínú yàrá ìdúró ọsibítù, níbikíbi tí tẹlifíṣọ̀n bá wà, àwọn èèyàn ń gbọ́ èémí rẹ̀. Hẹ̀, hẹ̀, hẹ̀.

“Ẹ̀yin ará ilé,” ni Olóhùn-Iyọ̀ wí, “ẹ jẹ́ ká wo ibi tí a dé yìí ná. Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra yíjú sọ́tùn-ún. Kí lẹ rí?”

Ọwọ́ náà kò kúrò lórí irin.

“Ẹ̀gbọ́n. Ẹ wo ọ̀tún yín. Kí ló wà níbẹ̀?”

“Òrùlé.”

“Àwọ̀ wo?”

“Pupa. Wọ́n fi páànù tuntun lẹ ibì kan lára rẹ̀.”

“Kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀?”

“Obìnrin kan ń sá aṣọ. Aṣọ ọmọ ìkókó. Ó ti rí mi. Ó ń juwọ́ sí mi.”

Láìpẹ́, tẹlifóònù ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn èèyàn ń pè pé òrùlé wọn nìyẹn, pé kí ọkùnrin yẹn wo ọwọ́ òsì, kó wo ẹ̀yìn ilé ìwé. Olóhùn-Iyọ̀ ń bi í ní ìbéèrè kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ẹni ń fi ṣíbí bu oògùn fún aláìsàn. Èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Èmi náà mí.

Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá Àgbà jágbe láti yàrá ìdarí, tí ó sì dún létí gbogbo wa: “Òrùlé ti tó! Sókè! Kó máa lọ sókè!”

Mo rí i lójú tẹlifíṣọ̀n tí bàtà Àwòdì gòkè tó tẹ irin. Ó tún sọ̀ kalẹ̀. Ó tún gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò gòkè mọ́.

“Ẹ̀yin èèyàn,” ni Àwòdì wí, “ẹ má bínú. Mi ò lè lọ. Irin kan kán mọ́ mi lẹ́sẹ̀ lókè níbẹ̀ yẹn ní oṣù méjì sẹ́yìn, mi ò sọ. Láti ìgbà náà, ibí ni mo máa ń jókòó sí tí màá máa parọ́ pé mo dé òkè. Iná tó yẹ kó máa tàn fún ọkọ̀ òfuurufú, ọ̀kan ló kù. Kí ẹnikẹ́ni má gun òpó yìí o. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an ni. Màámi, ẹ má sunkún.”

Wọ́n já àwòrán. Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú. Nígbà tó bá dúdú báyẹn, Olóhùn-Iyọ̀ ló yẹ kó bá àwọn òǹwòran sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ohùn kankan. Mo wo ìta. Òun ló ń sáré bọ̀ láàárín ọgbà yẹn, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì ti bọ́ sí ọ̀nà.

“Ó kọ̀ kò sọ̀ kalẹ̀,” ló ń wí. “Mò ń sọ fún un pé kó máa bọ̀, ó ní ilẹ̀ jìnnà.”

Òótọ́ ni. Ẹni tí ẹ̀rù bá mú lórí òpó, bíbọ̀ wá sílẹ̀ le fún un ju lílọ lọ, torí pé ó gbọ́dọ̀ wo ìsàlẹ̀. Olóhùn-Iyọ̀ ká síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà. Mo fà á padà. Mi ò mọ ohun tó gbé mi dórí irin yẹn. Ó lè jẹ́ ìtìjú. Mo mọ̀ pé ojú mi wà ní dídì fún ìdajì ọ̀nà, mo sì tún ń pe ìyá mi.

Mo bá a lórí pèpéle, ó gbá òpó mọ́ra. Bí mo ṣe débẹ̀, èmi náà gbá òun mọ́ra.

“Àbúrò,” ló ní, “ta ló wá gbé ta sọ̀ kalẹ̀ báyìí?”

“Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀.”

Nísàlẹ̀ ni ohùn náà ti gòkè wá bá wa, kò fi maikirofóònù sọ ọ́. “Ará Ilẹ̀, ìwọ ni kó o ṣáájú. Di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kó o gbé e lé irin. Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó ku mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ẹsẹ̀ òsì. Ó ku mẹ́tàlélọ́gọ́ta.” Gbogbo rẹ̀ pátá ló kà. Kò kánjú, kò fo ọ̀kan.

Wọ́n ní kí èmi àti Àwòdì lọ jókòó sílé fún oṣù kan. Kí n tó lọ, mo gbé irin náà sórí tábìlì Ọ̀gá Àgbà pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ tí mo fi parọ́. Ó mú irin náà, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àtàǹpàkò méjì, ó kán. Àwọn agunpó tí wọ́n pè wá láti ibòmíràn wá yẹ òpó náà wò, wọ́n rí irin méje mìíràn tó ti jẹrà. Méjì nínú wọn wà nísàlẹ̀ èyí tó kán. Àwòdì ti tẹ̀ wọ́n kọjá lọ́jọ́ náà, ní lílọ àti ní bíbọ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, ó lọ bì.

Nínú oṣù tí a fi wà nílé yẹn ló lọ rí bàbá Olóhùn-Iyọ̀ láti tọrọ ọmọ rẹ̀. Àjà kẹta ni bàbá náà ń gbé, ìta ni àtẹ̀gùn ilé náà wà, irin tẹ́ẹ́rẹ́ sì ni wọ́n fi ṣe ọgbà rẹ̀. Àwòdì dé ìdí àtẹ̀gùn, ó wò ó, kò lè gùn ún. Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ. Mo ní kó di èmi mú, ó ní kí n má ṣe wàhálà. Bàbá yọjú láti òkè.

“Ṣé ìgbéraga ni?” ni bàbá béèrè. “Ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi kò lè wọlé wá bá mi?”

“Bàbá, ẹ̀rù ló ń bà á!” Olóhùn-Iyọ̀ ké láti ẹ̀yìn rẹ̀.

“Ẹ̀rù àtẹ̀gùn? Ṣé ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n yẹn ni?”

“Òun ni.”

Bàbá wọlé, ó gbé àga méjì jáde, ó sì ń gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbá ìdalẹ̀nù, níbi tí kẹ̀kẹ́ àwọn aládùúgbò wà, la ti sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà. Nígbà tí ohun gbogbo ti lójú, bàbá bi í ohun tó máa ṣe bí iná bá sọ ní àjà kẹta. Àwòdì ní òun kò ní mú ọmọ ẹnikẹ́ni lọ gbé àjà kẹta. Ilé ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé títí dòní.

Ẹ̀rù náà kò lọ. Mo máa ń gbọ́ kí wọ́n sọ pé bí èèyàn bá ti jẹ́wọ́ ẹ̀rù rẹ̀, ẹ̀rù á sá. Ti Àwòdì kò sá. Kò lè dúró lójú fèrèsé òkè, kò lè wọ ọkọ̀ tó bá máa gba orí afárá gíga kọjá. Ní òwúrọ̀ mìíràn ìyàwó rẹ̀ á rí i tó jókòó sí etí ibùsùn, tó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá tí a ń kó okùn àti wáyà sí, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún kan kí Ọ̀gá Àgbà tó ránṣẹ́ pè é. Ọ̀gá ní láti ìsinsìnyí lọ, kò sí ẹni tó máa gun òpó láìjẹ́ pé Àwòdì yẹ bẹ́líìtì rẹ̀ wò, tó sì gbà fún un.

Iṣẹ́ tó ṣe títí a fi fẹ̀yìn tì nìyẹn. Á fa ìkọ́ bẹ́líìtì náà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ni á bi agunpó ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́?” Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á jẹ́ kó lọ. Ẹni tó bá ní rárá, kò ní gòkè lọ́jọ́ náà.

Ọkùnrin kan wá bá a jà lórí èyí. Ó ní òun ti gun òpó káàkiri, ẹ̀rù kò ba òun rí, ta ni ẹni tó jókòó sílẹ̀ tó máa wá dá òun dúró. Àwòdì lọ jókòó sórí irin ìtẹ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tó sún mọ́ ilẹ̀ jù, ó ká apá lé àyà, kò sì dìde níbẹ̀ títí ọkùnrin náà fi kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀, tó sì wà á lọ.